Ìrìn-Àjò Mi sí Igbó Àìdáhùn Nítorí Ológbò Ẹ̀gbọ́n Mi

Àbí ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ní ológbò yẹn... ológbò Àwẹ̀ró... ní ìdájí, ní ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀ gan-an... Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ìyàwó elépo ló ní òun fi etí ara òun... bí ọmọ tuntun ni, àbí bí àgbàlagbà tí wọ́n ń... Kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ọmọ Baálẹ̀ bá... Ẹ rọra sọ̀rọ̀! Àbúrò rẹ̀ ọdẹ nìyẹn ń bọ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ará Ìdó-Arère, ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká yìí. Ibi tí mo bá ti yọ, ọ̀rọ̀ á gé. Bí mo bá kọjá tán, á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi. Èmi Ọdẹ́níran! Èmi tí mo pa ẹfọ̀n mọ́kànlá kí irùngbọ̀n mi tó hù tán! Èmi tí ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóóró, tó fi ìdí rìn sẹ́yìn kí n lè kọjá! Títọ́lá, má rẹ́rìn-ín. O ò tíì sí láyé nígbà náà, ìyá rẹ gan-an kò tíì mọ bí a ṣe ń so ìró. Ẹ sì máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní nǹkan, etí òsì mi yìí kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe di bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí lónìí, ó ti ń rẹ̀ mí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Àwẹ̀ró, ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló pọ̀n mí. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ọ̀kankan wọn kò dúró. Ọkọ rẹ̀ náà sì ti lọ. Ẹní ló ń hun jẹun. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, gbogbo ohun tó kù fún un láyé kò ju yàrá kan, koríko ẹní, èmi àbúrò rẹ̀, àti Jẹ́jẹ́ lọ. Jẹ́jẹ́ ni ológbò náà. Dúdú ni, ó ní funfun díẹ̀ láyà bí ẹni tí ẹ̀kọ gbígbóná ta sí. Ọdún méjìdínlógún ló ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú ni ara Jẹ́jẹ́ ti yí padà. Ó ń jẹun, ẹ̀yin èèyàn, ó ń jẹun bí alágbàro. Orí ẹja, eegun ẹja, omi tí wọ́n fi ṣan ẹja, kò sí èyí tó ń kọ̀. Síbẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ìyàrí. Ó ń mu omi inú igbá dé ìsàlẹ̀, á tún wá máa lá ara ìkòkò tó ń sun omi. Pẹpẹ tó máa ń fò sí tẹ́lẹ̀, ó ń jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó ń gbójú wò ó. Nígbà míì, á lọ sí igun yàrá, á dojú kọ ògiri, á dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró de ẹnìkan.

Lẹ́yìn náà ni igbe bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe igbe ológbò tí ẹ mọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti ń wá, á gùn, á máa lọ sókè, á wá fọ́ níparí bí ohùn ẹni tí ẹkún gbà lẹ́nu. Ìdájí ló máa ń ké e, nígbà míì á tún máa ké e lọ́sàn-án gangan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá ti ké, Àwẹ̀ró á dá a lóhùn láti orí ẹní rẹ̀: "Mo wà níbí, Jẹ́jẹ́. Mo wà níbí." Á sì fi ọwọ́ kàn án. Ológbò á dákẹ́.

Èmi ni mo wá bà á jẹ́.

Ẹ mọ òfin àwa ọdẹ. Bí ohùn kan bá pè ọ́ nínú igbó, tí o kò sì rí ẹnu tó ti jáde, o kò gbọdọ̀ dá a lóhùn. Gbogbo ìlú wa ló ń pa òfin yìí mọ́, kódà àwọn tí kò rí igbó rí. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ igbe náà, irun ọwọ́ mi dìde.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá nǹkan yẹn lóhùn mọ́ láé."

"Nǹkan wo? Jẹ́jẹ́ nìyẹn."

"Ohun tó ń ké yẹn kì í ṣe Jẹ́jẹ́. Nǹkan kan ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Àlàmú," oríkì mi ló fi pè mí, "ológbò mi ni. Mo mọ ohùn rẹ̀."

"Ẹ̀yin ni ẹ mọ ẹní. Èmi ni mo mọ igbó."

Ó wò mí. Ó gbọ́ tèmi, nítorí ó gbà pé ọgbọ́n ọdẹ wà lórí mi. Láti ọjọ́ náà, bí Jẹ́jẹ́ bá ké, Àwẹ̀ró á fi ìró bo orí, á dákẹ́.

Àìdáhùn yìí kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ fi ń jáde nílé. Ó ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ké. Ilé tó bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fọwọ́ bo ọmọ wọn lẹ́nu. Ó dé ilé Baálẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ibà mú àbíkẹ́yìn Baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ bá di ti ìlú. Láṣebíkan akígbe, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lu agogo kéde ọ̀rọ̀ ìlú, gbé èyí tí ẹnikẹ́ni kò rán an kiri: Àwẹ̀ró ló ń rán ológbò rẹ̀ níṣẹ́.

Wọ́n pè wá. Àwọn àgbà ní kí wọ́n ju ológbò sódò, kí Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, kó fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó kàn ń na orúnkún rẹ̀ kan sóde, èyí tó máa ń dùn ún.

Ó ní, "Níbo ni kí n lọ? Ọ̀nà oko ẹ̀yìnkùlé gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ń sinmi kí n tó dé e."

Èmi wá dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mo fọwọ́ gbá àyà. "Baálẹ̀, kábíyèsí kékeré, ẹ̀yin àgbà! Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ológbò yìí ń sọ. N ó lọ bá Ìyá Ńlá Ológbò, ẹni tó ń gbé ní òpin Igbó Àìdáhùn, ibi tí baba tó bí mi kò gbójúgbóyà wọ̀. N ó gba ìtumọ̀ igbe náà bọ̀!"

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́níran, a mọ ẹnu rẹ. Ìwọ lo pa ejò kan lọ́dún tó kọjá, tó di mẹ́rin kó tó di alẹ́. Báwo la ó ṣe mọ̀ pé o kò bù mọ́ ọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtìjú gbá mi lójú. Mo ní, "N ó fi irin sẹ́nu." Ibẹ̀ ni wọ́n gbà mí gbọ́, nítorí ọdẹ tó bá ti fi irin sáàárín eyín sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀, bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin náà ló máa bá a ṣe é.

"Ó dáa," ni Baálẹ̀ wí. "Bí ọjà wa bá ná lẹ́ẹ̀mẹta tí o kò dé, ẹ̀gbọ́n rẹ á lọ."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Àwẹ̀ró sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Má pẹ́. Èmi lè dúró dè ọ́. N kò mọ̀ bóyá Jẹ́jẹ́ lè dúró."

Bí mo ṣe rìn, ẹ má bi mí. Mo rìn ṣá. Igbó Àìdáhùn kò ní ẹyẹ, kò ní ìró kòkòrò. Bí o bá wúkọ́, kò sí ibì kan tó máa dá ikọ́ rẹ padà fún ọ. Àwọn ohùn ń pè mí lẹ́yìn, ohùn ìyá mi tó ti kú, ohùn ìyàwó mi àkọ́fẹ́, wọ́n ń pe gbogbo oríkì mi. N kò dá wọn lóhùn. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú, mo ní ta ni yóò mú Ọdẹ́níran.

Iwin tó ń ṣọ́ ẹnu odò ni mo kọ́kọ́ bá. Ó ga bí igi àràbà, ṣùgbọ́n bí okùn ló tín-ín-rín; mo lè ka ìhà rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. Abà iṣu kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń bù ú jẹ ní tútù, èèpo àti ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Lápá òsì, ó tẹ ẹnu bọ odò, ó ń mu ún tí odò náà fi ń lọ sílẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé.

Ó ní, "Ọmọ aráyé, dúró! Mo ń jẹ, mo ń rù. Mo ń mu, ọ̀fun mi gbẹ. Mo jókòó sójú kan, àyà mi ń sáré. Kí ni mo jẹ́? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, èmi náà ń wá ohun tí n ó fi jẹ iṣu yìí."

Mo dáhùn wéré, "Ọ̀kánjúwà ni ọ́!"

Ó gbá mi létí. Mo já lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ìbọn mi lọ ní tirẹ̀.

"Tún un sọ."

"Olè ni ọ́! O ń jẹ oúnjẹ àwọn ẹlòmíràn!"

Ó tún gbá mi. Èyí lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, n kò lè dìde, mo ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ojú rẹ̀ ni mo wá rí. Ojú náà fẹ̀, ó dúdú, àìsùn ti pa á títí ó fi gbàgbé bí a ṣe ń sùn. Mo wá ronú kan Jẹ́jẹ́ nídìí ìkòkò omi.

Mo ní, "Bàbá, ara yín kò yá. Àìsàn ni. Kì í ṣe ìwà yín."

Ó gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí iwin tó ń bínú, mo ti rí èyí tó ń sá fún mi, púpọ̀ ló sá fún mi! Ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó ń sunkún rí títí di ọjọ́ náà. "Igba ọdún," ló ń wí, "igba ọdún ni mo ti wà níhìn-ín. Ọ̀kánjúwà ni gbogbo wọn ń pè mí." Ó fi èmi àti ìbọn mi sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé wa kọjá odò. Ó ní, "N kò ní nǹkan ta ọ́ lọ́rẹ ju ohun tí mo ní lọ. Gbé òǹgbẹ mi dání lọ díẹ̀, kí o lè mọ̀ ọ́n." Bó ṣe di pé omi kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́ nìyẹn, títí mo fi padà sílé. Mo ń mu ìrì orí ewé, mo ń fún aṣọ òógùn mi sẹ́nu.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí Ìlú Etí-Dídí. Ariwo ìlú náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ogun ni. Ogun kọ́. Ìyá kan ló ń rẹ ọmọ rẹ̀ pé kó sùn. Ẹni tó ń kí aládùúgbò rẹ̀, bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà lókè òdìkejì ni. Ẹ̀fúùfù kan fẹ́ sí mi létí lẹ́nu ibodè wọn, ariwo náà sì kú lójijì. Ẹnu wọn ṣì ń lọ, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ kú ilé o!" N kò gbọ́ ara mi. Mo rò pé ohùn mi kò jáde. Mo tún un sọ. Mo pariwo rẹ̀. Mo fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró mi ké e, títí ọ̀fun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Arúgbó kan tó ń gbá ìta di igbálẹ̀ mú, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ júwe ẹnu mi, ó júwe etí mi, ó mi orí. Ìtumọ̀ rẹ̀ yé mi: ariwo tí ò ń pa yìí, ìwọ ara rẹ lò ń wá.

Ó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì mọ̀ ọ́n lára ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, gbì, gbì, ó wọ inú egungun mi lọ. Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn níbẹ̀ nìyẹn. Mo sùn ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fi jí mi. Nígbà tí mo jáde nílùú náà, etí ọ̀tún mi là. Ti òsì kò là mọ́, Títọ́lá, kò là títí di òní.

Ọjà ẹlẹ́ẹ̀kejì ti ná nílé ná, mo mọ̀ ọ́n nínú ara mi. Mo yára. Ìyára náà ló jẹ́ kí n wọ Ìlú Igun-Ilé láìwòye.

Gbogbo ilé ìlú náà, igun lásán ni. Ògiri méjì pàdé, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. O bá wọ igun kan, o yí padà, igun mìíràn lo tún rí. Mo kọ́kọ́ gbàgbé ọ̀nà tí mo gbà wọlé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kì í ṣe nǹkan tuntun fún ọdẹ. Mo tún gbàgbé iye ẹfọ̀n tí mo pa. Ìyẹn dùn mí. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé ohun tí ẹfọ̀n jẹ́. Mo gbé irin gígùn kan lé èjìká, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, mo gbé e sílẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbàgbé orúkọ mi. Mo dojú kọ ògiri, mo ń dúró kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, bóyá kí ògiri náà ṣí, bóyá kí ẹnìkan wá sọ fún mi pé ibi tó yẹ kí n wà nìyí.

Nǹkan kan wá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn mi. N kò pè é. Ó gùn, ó ń lọ sókè, ó fọ́ níparí. Èmi ni mo ké e. Mo tún un ké. Mo ń gbọ́ ìrìn àwọn èèyàn lẹ́yìn mi. Wọ́n á dé ibi tí mo wà, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n á sáré kọjá. Wọn kò dá mi lóhùn. Ìlú yẹn náà ní òfin yìí. N kò mọ iye ọjọ́ tí mo fi wà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé báwo ló ṣe rí. Ó rí bákan náà láràárọ̀.

Ọjọ́ kan, ilẹ̀ gbá àtẹ́lẹsẹ̀ mi: gbì, gbì. Ọwọ́ kan bà lé ẹ̀yìn mi. Ẹnìkan ní, "Mo wà níbí."

Mo jókòó lulẹ̀, mo sì bú sẹ́kún.

Ìyá Ńlá Ológbò ni. Ẹ rò pé ẹranko ńlá kan ni, àbí? Ìyá arúgbó kan ni, ó ní irun funfun gígùn díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Ìbàdí ń ro ó. Ó fi ara ti ògiri kó tó lè jókòó tì mí. Ó fún mi lómi. Kò bi mí ní nǹkan kan títí mo fi mu igbá mẹ́rin.

"Ta ni ọ́?"

"N kò mọ̀, ìyá."

"Kò burú. Mu ìkarùn-ún."

Nínú igbá karùn-ún ni orúkọ mi padà dé, àti Àwẹ̀ró, àti ọjà kẹta. Mo ro ẹjọ́ fún un, kíá kíá. Ó gbọ́ mi tán.

"Kí lò ń sọ nígbà tí ò ń ké?"

"N kò sọ nǹkan kan. Igbe lásán ni."

"Má parọ́ fún mi, ọdẹ, ó ti rẹ̀ mí. O ń béèrè nǹkan. Kí ni?"

Mo wo ògiri náà. "Mo ń béèrè bóyá ẹnìkan ṣì wà."

"Ohun tí tìrẹ náà ń sọ nílé nìyẹn. Òun náà ni gbogbo wọn ń sọ. Gbé e báyìí: 'N kò gbọ́ yín mọ́, n kò sì rí yín dáadáa. Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?' Sọ ọ́ padà fún mi."

Mo dìde, mo tún ọrùn ṣe. "Ẹ̀yin ará Ìdó-Arère, èmi Jẹ́jẹ́, ọba nínú àwọn ẹran ilé, láti ìjìnlẹ̀—"

Ó gbá mi lórí. "Tún un sọ."

"Èmi Jẹ́jẹ́ ní—"

Ó tún gbá mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ni mo tó sọ ọ́ bó ṣe wà. Mo ní, "Ìyá, gbólóhùn méjì péré? Mo la odò iwin, etí mi dí, mo sọ orúkọ mi nù, kí n wá gbé gbólóhùn méjì délé?"

"Méjì ni."

"Oògùn ń kọ́? Ẹ fún mi ní oògùn dání."

"N kò ní oògùn tó lè dá a padà sí kékeré. Bí mo ní in, ṣé bí mo ṣe máa jókòó nìyí?" Ó fi ọwọ́ pa ìbàdí. "Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ níwájú rẹ̀. Ẹ ti oúnjẹ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó má baà máa fò. Ẹ tẹ́ nǹkan rírọ̀ fún un níbi tó móoru. Ẹ má máa yí ilé padà mọ́ ọn lójú. Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Bó bá ké, ẹ fi ọwọ́ kàn án." Ó wá yí ojú funfun méjì náà sí mi. "Tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ń dá a lóhùn. Ta ló ní kó má dá a lóhùn mọ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹnu mi, ẹnu tí mo fi ń ki ara mi lójú ogun, ẹnu náà ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, "Èmi ni."

Kò bá mi wí. Ó nawọ́ sí igun kan, ilẹ̀kùn sì wà níbẹ̀.

Ọjà kẹta ti ń tú nígbà tí mo dé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí ẹrù rẹ̀ ní ìkángun ọjà, ó di ẹní méjì, ó di ìkòkò kan. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti fúyẹ́ bí ìràwé. Láṣebíkan dúró tì wọ́n, agogo rẹ̀ lápá, ó ń dúró láti sìn wọ́n dé ibodè.

Àwẹ̀ró ní, "O pẹ́. O sì rù."

Mo gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ọwọ́ kan Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Ó gbé orí sókè.

Wọ́n pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tí ibà mú ń sáré kiri láàárín wa, ara rẹ̀ ti yá láti ọjọ́ kejì tí mo lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ìyẹn yí ẹjọ́ padà. Wọ́n gbé irin fún mi. Ó tutù. Ìlú ń wò mí, wọ́n ti ṣetán láti gbọ́ ìtàn. Mo sì ní ìtàn, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó kún ikùn mi. Mo fi eyín di irin náà mú, mo wò wọ́n, mo sì sọ gbólóhùn méjì.

"N kò gbọ́ yín mọ́, n kò sì rí yín dáadáa. Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Wọ́n dúró. Àgbà kan ní, "Èyí tó kù ń kọ́?"

"Kò sí èyí tó kù. Arúgbó ni. Ara rẹ̀ kò yá, etí rẹ̀ ti dí, ó ń ṣìnà nínú ilé tó gbé dàgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kó má dá a lóhùn mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jáde wá bi yín."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ń kùn pé ṣé torí èyí la ṣe sọ ọjà nù. Láàárín kíkùn náà ni ohùn kan ti yàrá inú ilé Baálẹ̀ jáde. Gbogbo wa la mọ ohùn náà. Ìyá tó bí Baálẹ̀ ni. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìyá náà kò ti jáde síta, ojoojúmọ́ ló sì máa ń ké bẹ́ẹ̀, lóhùn gígùn, kò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Wọ́n ní àwọn tó ti lọ ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í dá a lóhùn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń wo ilẹ̀ ni títí á fi rẹ̀ ẹ́.

A wo ilẹ̀.

Ó tún ké. Mo gbọ́ tí àga Baálẹ̀ dún. Ó dìde láìmú ọ̀pá. Ó wọlé. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀, lẹ́yìn náà a gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn kan tí kì í fi bá wa sọ̀rọ̀: "Ìyá, mo wà níbí. Èmi ni. Mo wà níbí." Igbe náà dúró. Ó pẹ́ kó tó jáde.

Nígbà tó jáde, kò jókòó. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹ lọ tú ẹrù yín. Ẹ má bínú sí wa." Ẹ ṣàkíyèsí pé ó sọ "ẹ" fún un. "Láṣebíkan!"

"Baálẹ̀."

"Ìwọ lo gbé èkínní kiri. Máa gbé èyí lọ. Ojúlé dé ojúlé, kí o sì sọ ọ́ bí ọdẹ ṣe sọ ọ́."

"Baálẹ̀, kí n máa jẹ́ iṣẹ́ ológbò fún ìlú?"

"Bó ṣe sọ ọ́."

Jẹ́jẹ́ lo oṣù mẹ́rin sí i, lórí àkísà rírọ̀, omi níwájú rẹ̀. Ó ń ké, ẹ̀gbọ́n mi ń fọwọ́ kàn án. Kò sàn. A kò retí kó sàn. Orí itan ẹ̀gbọ́n mi ló kú sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró náà sì tẹ̀lé e ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nínú yàrá ara rẹ̀, èmi lẹ́bàá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà yẹn ni mo máa ń rántí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń gbọ́ agogo Láṣebíkan tó ń ti òkè ìlú bọ̀. Ojúlé tó bá dé, á lu agogo, àwọn ará ilé á dáhùn pé àwọn ń gbọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe fún akígbe. Ojú ń tì í, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ròkè. Ó dé ilé tó kọjú sí wa. Ó lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀yin ará ilé o!"

"À ń gbọ́ o!"

"Ológbò Àwẹ̀ró ló rán mi. Ó ní: 'N kò gbọ́ yín mọ́, n kò sì rí yín dáadáa. Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?'"